Ìrònúpìwàdà àti Ìdáríjì: Láti Òṣoògùn dé inú Bíbélì Yorùbá

Nígbàkúùgbà tí a bá ń yẹ ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, a máa ń rí i pé wọ́n fi àbámọ̀ ṣe ìtumọ̀ ìrònúpìwàdà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ń gbà á fún wọn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ. A ó tọ ipasẹ̀ ìrònúpìwàdà àti ìdáríjì dé ẹkùn Òkè-Ògùn, níbi tí a ti bí ẹni tí ó ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Òṣoògùn, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn lónìí, ni a ti bí Àjàyí. Ní 1821, ogun tí àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní wà nínú rẹ̀ kọ lu ìlú náà. Wọ́n fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ẹrú mìíràn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. (Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà.) Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ olówó kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, tí ó di Samuel Crowther.

Ní oṣù kejì 1837, ó kọ ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí William Jowett, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., láti ròyìn bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú. Ó sọ nínú rẹ̀ pé nígbà tí ẹ̀rù ń ba òun pé wọn yóò ta òun fún àwọn Potogí, òun gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí òun fún ara òun lọ́rùn ní òru, ṣùgbọ́n àyà òun kò gbà á. Ní tiwa, a kò rò pé ẹnì kan lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Crowther kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ó pè é, ó sì bẹ Olúwa níbẹ̀ pé kí ó dárí rẹ̀ jì òun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi tọrọ ìdáríjì yìí. Òun náà ni ó sì wá di ẹni tí yóò wá ọ̀rọ̀ tí àwa yóò fi máa tọrọ tiwa.

Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850. Thomas King jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Odidi Bíbélì kò parí títí di 1884. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé Crowther kò kọ ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn Mùsùlùmí wá. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà àti ìwàásù wà káàkiri nínú ìsìn Kìrìsìtẹ́nì. Kí ni kò jẹ́ kí túúbá náà bá wọn wọlé? Ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ẹni tí ó bá ṣẹ àgbà, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Mo túúbá o." Ìyípadà sọ́dọ̀ Ọlọ́run ni ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Lárúbáwá. Lẹ́nu tiwa, ẹ̀bẹ̀ ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìjà mọ́ ni. Ènìyàn lè túúbá lónìí kí ó tún hu ìwà náà lọ́la. Ìrònúpìwàdà kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: a ronú, a sì pa ìwà dà.

Ìhun ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀kọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni padà tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwà ni ó wọ àárín: pa ìwà dà. Elélà náà ni dáríjì, tí a ń tú sí dá orí jì. Àárín rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀: dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì. Ìwà ni ó wà láàárín iṣẹ́ ti ènìyàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó wà láàárín iṣẹ́ ti Ọlọ́run. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ àbámọ̀ ti gba ìrònú mú, ó sì fi ìwà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé pé Bíbélì Mímọ́ fúnra rẹ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ rú ní ibì kan. Nínú Mátíù 27:3, Júdásì rí i pé a dá Jésù lẹ́bi, ó sì dá owó fàdákà padà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi fi pe àwọn ènìyàn sí ìrònúpìwàdà. Kábàámọ̀ ni ó sún mọ́ ọn. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì, ti Yorùbá sì tẹ̀ lé e: ó ní Júdásì ronúpìwàdà. Ẹsẹ̀ karùn-ún ni ó ti lọ pokùn so. Èyí kò lè ṣe àjèjì sí ọmọ Òṣoògùn tí ó fi ọ̀já dán irú rẹ̀ wò, tí ó sì wá tọrọ ìdáríjì.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tọ́ka sí Júdásì láti gbe àbámọ̀ lẹ́sẹ̀, ó yẹ kí a fún un ní máàkì. Èyí tí kò tọ́ka sí ibì kankan ni kí a má gbà á fún mọ́.