Ẹlẹ́lùbọ́ Lójú Òkun

Afẹ́fẹ́ tó ń da ológì láàmú, kí ẹlẹ́lùbọ́ má pàtẹ. Ògì tutù, ó sì wúwo. Èlùbọ́ gbẹ, atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti gbé e lọ. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé kí ẹlẹ́lùbọ́ má dúró dìgbà tí ìjì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó ká ọjà nílẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun la agbami kọjá ni òwe yìí bá wí jù lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn tún le ju ti ẹlẹ́lùbọ́ lọ. Ẹlẹ́lùbọ́ lè gbé igbá wọlé, kó tilẹ̀kùn. Atukọ̀ kò rílé sá wọ̀. Bó bá ká gbogbo aṣọ ìgbòkun pátá, ọkọ̀ lè má gbọ́ ti ìtọ́kọ̀ dáadáa mọ́. Ìgbì lè gbé e dábùú, ó sì lè dojú dé.

Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára tó fi ń ti aṣọ á di ìlọ́po 4; bó bá di ìlọ́po 3, agbára náà á di ìlọ́po 9. Nítorí náà ni atukọ̀ ṣe ń dín ìgbòkun ńlá kù díẹ̀díẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó mọ́, á sọ ọ́ kalẹ̀, á ta aṣọ ìjì méjì tó ti pa mọ́. Ti iwájú ni wọ́n ń pè ní storm jib, ti ẹ̀yìn òpó sì ni trysail. Méjèèjì kéré, wọ́n nípọn. Wọn kì í sábà so trysail mọ́ ọ̀pá gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun ńlá; okùn ni wọ́n fi ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á sì de ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ kó má baà fọ́ èèyàn lórí. Bí ọ̀pá yẹn tilẹ̀ kán, trysail ṣì ń ṣiṣẹ́. Òfin eré ìdíje ojú òkun ní kí àwọ̀ aṣọ ìjì tàn yòò, kí àwọn adóòlà lè tètè rí i láàárín ìfófòó funfun.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1979, ọkọ̀ 303 gbéra ní Cowes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ìdíje Fastnet, láti lọ yípo àpáta kan létí ilẹ̀ Ireland. Ìjì ńlá ká wọn mọ́ ojú òkun. Atukọ̀ 15 kú. Àwọn kan fi ọkọ̀ 24 sílẹ̀. 5 péré ló rì, wọ́n rí 19 yòókù gbà padà. Àwọn mìíràn bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fi sá àsálà, ó fàya mọ́ wọn nídìí, wọ́n sì kú, nígbà tí ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì léfòó.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò rí ọgbọ́n kan ṣoṣo tó gba gbogbo ọkọ̀ là. Síbẹ̀, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tí ọkọ̀ wọn ṣì ń rìn, tí wọ́n ṣì ń darí rẹ̀, ṣe dáadáa ju àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀ fún ìgbì. Iṣẹ́ tí aṣọ ìjì kékeré yẹn wà fún nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tu ọkọ̀ ìgbòkun, ẹ ta aṣọ ìjì yín ní èbúté lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀, kí ọwọ́ yín ti mọ okùn rẹ̀ kí ẹ tó dé agbami.