Nìjẹ̀r: oòrùn kún ilẹ̀, iná ń wá láti òkèèrè

Nìjẹ̀r ni aládùúgbò wa ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ń mú ganrínganrín níbẹ̀, èédú àti uranium sì wà nínú ilẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó ju ìdajì lọ nínú iná mànàmáná wọn, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Iná Nàìjíríà
Wáyà ńlá kan ló gba Birnin Kebbi lọ sí Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 26 oṣù keje ọdún 2023, CEDEAO gbé ìjẹníyà kalẹ̀, Nàìjíríà sì gé iná náà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amúnáwá ń ra epo sí i. Ẹni tí kò ní ń dúró dìgbà tí iná á kan àdúgbò rẹ̀.

Èédú
Ní Anou Araren, ní agbègbè Agadez, ilé-iṣẹ́ SONICHAR ń wa èédú, ó sì ń sun ún. Iná èédú á mú omi hó, èéfín omi gbígbóná á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mú iná jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó mẹ́gáwáàtì 40. Agadez àti ibi tí wọ́n ti ń wa uranium ní Arlit ló ń lò ó. Uranium yẹn fúnra rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n kó o lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

(Mẹ́gáwáàtì 1 lè tan gílóòbù 100 000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 10.)

Epo àti odò
Ní Gorou Banda, lẹ́bàá Niamey, ilé-iṣẹ́ tó ń fi epo ṣe iná wà láti 2017: mẹ́gáwáàtì 80. Epo wọ́n, kò sì sí ọjọ́ tí a kì í rà á. Ní Kandadji, wọ́n ń kọ́ ìsédò sórí Odò Ọya. Mẹ́gáwáàtì 130 ni wọ́n ń retí níbẹ̀.

Oòrùn
Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdou Moumouni, ọmọ Nìjẹ̀r, ti ṣe ìwádìí lórí agbára oòrùn kó tó di pé ayé ń pariwo rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Niamey ń jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni Malbaza ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mẹ́gáwáàtì 7, ìparí 2023 sì ni ti Gorou Banda, mẹ́gáwáàtì 30, bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ṣì wà ńbẹ̀ o: eruku aṣálẹ̀ ń bo àwọn páálì, ó di dandan ká máa nù wọ́n, tílẹ̀ bá sì ṣú, bátìrì tàbí ẹ̀rọ mìíràn ló gbọ́dọ̀ gbà á.

Àwa náà ńkọ́?
Bẹ̀nẹ̀ náà ń ra iná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ oòrùn Illoulofin, ní Pobè, mẹ́gáwáàtì 25, tí wọ́n ṣí ní 2022, fi ṣe pàtàkì fún wa. Iná tó bá tilẹ̀ wa jáde, àjèjì kò lè gé e mọ́ wa lójú.