Ta Ni A Ń Se Ẹ̀wà Fún? Ọjọ́ Ẹni Mímọ́ àti Ọjọ́ Àwọn Ológun Àtijọ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn ogun 1914 sí 1918, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: « Olùkọ́ wa, ní oṣù kìíní, nígbà ọdún Bonfim, a máa ń jẹ ẹ̀wà títí a ó fi yó. Kí ni a máa ń jẹ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá? » Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò rí èsì fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ náà, a máa ń gbé òdòdó síwájú ère, a máa ń fun fèrè, a sì máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù a lọ sílé rẹ̀. Ìbéèrè ọmọ yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn níhìn-ín.

Láyé àwọn baba wa, ọ̀wọ̀ àti oúnjẹ kì í ya ara wọn. Ẹni tí a bá fẹ́ rántí, a ó wá ohun jíjẹ fún un. Ògún, òrìṣà àwọn jagunjagun, a máa ń fi ẹmu, iṣu sísun àti ajá bọ ọ́; ẹ̀wà àti àkàrà ni ti àwọn ìbejì. Bí a bá sì sè é tán, kì í ṣe òrìṣà nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ará ilé jẹ, aládùúgbò jẹ, ọmọdé jẹ. Nídìí àwo oúnjẹ ni ọmọdé ti ń béèrè pé, « Nítorí ta ni a ṣe sè é? », tí àgbà sì ń dáhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìtàn nìyẹn, ó sì ti wà tipẹ́ kí a tó kọ́ èyí tí èmi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà gbé ìmọ̀ yìí kọjá òkun. Ìsìn àwọn olówó wọn ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ tí wọn kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n yan àwọn ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n gbé ìkòkò kaná. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án jẹ́ ọjọ́ Cosme àti Damião, ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì. Àwọn èèyàn wa sì rí àwọn ìbejì tiwọn nínú wọn. Wọ́n fi epo pupa àti edé se ilá, èyí tí wọ́n ń pè ní caruru, ọmọdé méje ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń bù ún fún kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Títí di òní, wọn kò tíì jáwọ́ nínú àṣà náà. Àkàrà wa náà wà ní Bàhíà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ « àkàrà » àti « jẹ » nínú orúkọ náà. Báyìí ni ọjọ́ àwọn olówó ṣe di ọjọ́ àwọn ẹrú pẹ̀lú.

Ọdún Bonfim tí ọmọ yẹn dárúkọ ti orísun kan náà wá. Bonfim ni orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan lórí òkè ní ìlú Salvador, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún Jésù gẹ́gẹ́ bí Olúwa ìgbẹ̀yìn rere. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú náà. Ọjọ́ Àìkú ni, àkókò àjọ̀dún Bonfim sì ni, tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀tẹ̀ náà kùnà. Ìjọba Bàhíà lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wọkọ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Agoué, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó, àwọn kan jẹ́ Àgùdà, àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọn ní Àjàṣẹ́ fi ń gbé eégún burian jáde ní oṣù kìíní, tí wọ́n ń lọ sí Máàsì, tí wọ́n sì ń jókòó ti feijoada, ẹ̀wà tí a fi ẹran sè. Ẹ̀wà náà ń sọ ìtàn oko ẹrú àti ìpadàbọ̀, àní nígbà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ̀.

Èé ṣe tí àwọn ológun kò fi ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo Kétu. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ní 1894, lábẹ́ àwọn Faransé, a tún ìlú náà tẹ̀dó. Ogún ọdún péré lẹ́yìn náà, àwọn Faransé kan náà wá ń kó àwọn ọmọkùnrin lọ sójú ogun. Lójú ìyá tó ti rí 1886, kí ni ìyàtọ̀? Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì bá ìjọba jà láàárín 1914 sí 1916. Láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé sá kọjá ààlà lọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Lápapọ̀, nǹkan bí 170,000 ọkùnrin ni Faransé kó láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ogun náà, nǹkan bí 30,000 ni kò sì padà. Ìjọba tó kó wọn lọ ni ó wá yan ọjọ́ ìrántí wọn. Òdòdó àti fèrè ló mú wá. Kò sí ẹni tó bi àwọn ìyá léèrè ohun tí ọmọ wọn fẹ́ràn láti jẹ.

Àwọn tó padà kò sì rí ẹ̀tọ́ wọn gbà bó ṣe yẹ. Òfin kan tí Faransé ṣe ní oṣù kejìlá 1959 so owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun ilẹ̀ wa mọ́ ojú kan, nígbà tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé ń lọ sókè. Cristallisation ni wọ́n ń pe èyí. Ọdún 2006 ni ìjọba Faransé tó kéde pé owó tí wọ́n ń san fún wọn nítorí ogun tí wọ́n jà àti nítorí ọgbẹ́ ogun yóò dọ́gba. Nígbà náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ín ti lọ sí ọ̀run.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí: ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ti jẹ́ ọjọ́ ẹni mímọ́ kí ogun náà tó parí ní 1918. Ọjọ́ Martin ti ìlú Tours ni, ẹni tí wọ́n sin ní ọjọ́ náà ní 397. Ológun ni Martin. Ìtàn rẹ̀ sọ pé ní Amiens ó fi idà gé agbádá rẹ̀ sí méjì, ó sì fi ìlàjì bo alágbe kan tí òtútù ń pa. Àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù a máa se ẹyẹ kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, ní ọjọ́ rẹ̀. Ní Yúróòpù, ológun àti ẹni mímọ́ ti ń jẹun pọ̀ ní ọjọ́ yìí láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin ará, ohun tí àwọn baba wa ṣe sí ọjọ́ Cosme àti Damião ni mo rò pé ó yẹ kí a ṣe sí ọjọ́ yìí. Kì í ṣe àwa ni a yàn án, ṣùgbọ́n a lè gbé ìkòkò kaná. Kí ilé tí ó bá ní ológun nínú àwọn bàbá ńlá rẹ̀ se ẹ̀wà tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá mọ̀ pé ó fẹ́ràn. Kí wọ́n bu fún aládùúgbò. Kí àgbà sì dárúkọ rẹ̀, abúlé rẹ̀ àti ibi tó ti jagun, kí akẹ́kọ̀ọ́ inú ilé kọ ọ́ sínú ìwé. Bí a kò bá ṣe é nísinsìnyí, àwọn tó mọ àwọn orúkọ náà kò ní pẹ́ tán.

Mo fi iṣẹ́ yìí rán àwọn ọmọ kíláàsì mi sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Ó ní ìyá àgbà òun mọ orúkọ kan, ti ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, tó lọ tí kò sì padà. Ìyá àgbà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé kò sí ẹni tó béèrè.