Òkú tí Kò Wọ Ẹ̀kú: Àtúnyẹ̀wò Fíìmù Scooby-Doo ti Ọdún 1998

Lójú ọ̀nà tí ó ti ìlú Oǹdó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ni Òkè-Igbó wà. Ibẹ̀ ni a bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní 1903. Ní 1938 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Oǹdó, ní Àkúrẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá sọ pé iwin wà nínú igbó, iwin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọdẹ lè bá a jà, ó lè fi oògùn tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fa ojú rẹ̀ ya kí ó sì bá akọ̀wé kóòtù tàbí oníṣòwò kòkó lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì là nínú ìtàn àròsọ Yorùbá nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, tí ó sì fi Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Nínú ìwé méjèèjì, Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Ọwọ́ ọmọ aráyé ni gbogbo aburú tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti wá. Ẹ̀rù ń ba òǹkàwé, ẹ̀rín sì ń pa á, nítorí pé èdè Òkédìjí kún fún àwàdà àti òwe. Ṣùgbọ́n kò retí pé kí iwin yọjú. Ọ̀nà ti Fágúnwà ní kí a gbà pé ohun tí ojú kò rí wà. Ọ̀nà ti Òkédìjí ní kí a wádìí ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà méjèèjì yìí ní ohun tí yóò fi díwọ̀n eré ilẹ̀ òkèèrè kan tí àwọn ọmọdé ti ń wò fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún.

Ní ọdún 1969 yìí kan náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ móhùnmáwòrán CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré tí a ń pè ní Scooby-Doo, Where Are You! han àwọn ọmọdé. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà, tí a sì mú kí ó máa rìn kí ó sì máa sọ̀rọ̀, ni eré náà. Joe Ruby àti Ken Spears ni ó ronú ìtàn rẹ̀, Iwao Takamoto ni ó ya àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Hanna-Barbera ni ó sì ṣe é. Ọ̀dọ́ mẹ́rin, Fred, Daphne, Velma àti Shaggy, pẹ̀lú ajá ńlá kan tí ojo pọ̀ lára rẹ̀, ni ó ń wọ ọkọ̀ kiri láti ìlú dé ìlú. Ibi tí wọ́n bá dé, iwin ti ń lé àwọn ènìyàn sá. Wọn yóò wá ẹ̀rí, wọn yóò dẹ pàkúté, wọn yóò mú iwin náà, wọn yóò sì fa ìbòjú rẹ̀ ya. Ènìyàn ni yóò jáde: ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀, tàbí olè tí ó ń wá ìṣúra tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìdí wà tí àwàdà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn òbí ní Amẹ́ríkà ń ráhùn pé ìjà pọ̀ jù nínú eré tí àwọn ọmọ ń wò ní òwúrọ̀ Sátidé. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ètò eré yìí síwájú àwọn ọ̀gá CBS, wọ́n kọ̀ ọ́ pé ó ń dẹ́rù bani jù. Nígbà náà ni Fred Silverman, ẹni tí ètò ọ̀sán wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ní kí a fa ajá náà wá sí iwájú kí ẹ̀rín lè borí ẹ̀rù. Ìpín 25 ni a ṣe láàrin 1969 àti 1970, ìlànà tí a sì fi lélẹ̀ nínú wọn ni ọ̀wọ́ eré náà ń tọ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ẹni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò kíyè sí ohun kan nínú ìlànà yìí. Ará ọ̀run ni à ń pe egúngún. Àgbàlagbà tí ó bá mọ ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú yóò pa ẹnu mọ́. Kì í ṣe nítorí pé ó gọ̀ ni. Ó mọ̀ pé ẹ̀kú náà ń ṣe iṣẹ́ tí ojú lásán kò lè ṣe, nítorí pé ó ń so alààyè pọ̀ mọ́ òkú. Nínú eré Amẹ́ríkà yìí, irọ́ ni gbogbo ìbòjú. Ẹ̀kọ́ tí ó fi kọ́ ọmọdé kò burú: ó ní kí ó béèrè ẹni tí yóò jèrè bí ẹ̀rù bá ba gbogbo ìlú. Ìbéèrè tí Lápàdé náà yóò béèrè nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà fi òkú sílẹ̀ láìní ohùn. Nínú ayé eré náà, kò sí òkú tí ó ní ọ̀rọ̀ láti bá alààyè sọ.

Fíìmù Scooby-Doo on Zombie Island ni ó yí èyí padà. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1998 ni ó jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Kò gba ilé sinimá kọjá. Glenn Leopold ni ó kọ ọ́, Jim Stenstrum wà lára àwọn olùdarí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Mook ní Japan ni ó sì ya àwọn àwòrán rẹ̀. Don Messick, ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn ajá náà láti 1969, ti kú ní oṣù Kẹwàá 1997. A fi fíìmù náà ṣe ìrántí rẹ̀. Kì í ṣe pé iwin tòótọ́ kò wọ inú ọ̀wọ́ eré náà rí ṣáájú. Ó wà nínú The 13 Ghosts of Scooby-Doo ní 1985. Ṣùgbọ́n Fred àti Velma, àwọn méjì tí wíwá ẹ̀rí àti dídẹ pàkúté jẹ́ iṣẹ́ wọn, kò sí níbẹ̀. Ní 1998, àwọn márààrún pé. Àwọn gan-an tí kò gba iwin gbọ́ ni a mú lọ bá iwin.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Ìbòjú ti sú àwọn ẹgbẹ́ náà, kálukú sì ti bá tirẹ̀ lọ. Daphne di olóòtú ètò kan lórí móhùnmáwòrán, ó sì ń wá iwin tòótọ́ tí yóò fi han àwọn òǹwòran rẹ̀. Fred kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ, wọ́n forí lé Louisiana, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó wọ ìbòjú náà ni wọ́n ń bá níbi gbogbo. Ní New Orleans, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lena pè wọ́n wá sí erékùṣù Moonscar, ní ilé Simone Lenoir tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Simone gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Shaggy àti ajá rẹ̀ ń jẹ ata títí omijé fi ń dà lójú wọn, ẹ̀rín sì ń pa òǹwòran. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn òkú ajalèlókun bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti inú ilẹ̀. Fred di ọ̀kan mú, ó sì fa ìbòjú rẹ̀ ya bí ó ti máa ń ṣe. Orí ni ó jáde. Kò sí ìbòjú kankan níbẹ̀.

Kókó fíìmù náà ṣì wà níwájú. Kì í ṣe láti pa àwọn àlejò ni àwọn òkú náà ṣe dìde. Wọ́n fẹ́ kìlọ̀ fún wọn ni. Simone àti Lena ti wà láyé fún igba ọdún. Wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ erékùṣù náà dó. Nígbà tí àwọn ajalèlókun pa àwọn ènìyàn wọn, wọ́n bẹ òrìṣà ológbò tí wọ́n ń sìn kí ó bá wọn gbẹ̀san. Ó gbẹ̀san lóòótọ́, ṣùgbọ́n ègún bá ìgbẹ̀san náà dé: wọ́n ń di ológbò, wọn kò sì lè wà láàyè àfi bí wọ́n bá ń fa ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn mu. Àwọn tí wọ́n ti fa ẹ̀mí wọn mu rí ni òkú tí ń rìn káàkiri. Ẹní bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù yìí, ẹni tí ó jìn sí kòtò ń ké, àwọn tí ó wà lókè sì ń sá fún un nítorí pé ojú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí Velma fura sí jùlọ ni Beau, tí ó ń tọ́jú ọgbà Simone. Ní ìkẹyìn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ni Beau jẹ́, tí ó wá wádìí àwọn ènìyàn tí ó ti sọnù ní erékùṣù náà. Ọ̀nà méjèèjì tí a ti mẹ́nu bà pàdé níhìn-ín: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ irú èyí tí Òkédìjí kọ nípa rẹ̀, àti ẹ̀dá abàmì irú èyí tí Fágúnwà kọ nípa rẹ̀, wà nínú ilé kan náà. Ìwádìí nìkan kò tó láti gba àwọn ẹgbẹ́ náà là, nítorí pé ẹni tí kò gba òkú gbọ́ kò lè gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ nìkan kò sì tó, nítorí pé ẹni tí ó bá sá fún gbogbo ohun tí ó ń dẹ́rù bani yóò sá bọ́ sọ́wọ́ apànìyàn tí ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìtàn Louisiana jinlẹ̀ ju bí fíìmù náà ti sọ ọ́ lọ. Àwọn ará Faransé ni ó tẹ New Orleans dó ní 1718. Ní 1719 ni ọkọ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní Louisiana láti ilẹ̀ Áfíríkà, láti Ouidah sì ni àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ti wá, ní etíkun orílẹ̀-èdè Benin ti òde òní. Ní 1791 ni àwọn ẹrú Saint-Domingue dìde ogun, ní 1804 sì ni wọ́n sọ ilẹ̀ náà di Haiti olómìnira. Àwọn kan tí ó ti sá kúrò níbẹ̀ lọ sí Cuba tún kó wá sí New Orleans láti 1809: ó lé ní 9,000 ènìyàn, funfun àti dúdú, ẹrú àti òmìnira. Ọ̀rọ̀ Fọn náà, vodun, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí òrìṣà, ni ó di Voodoo lẹ́nu àwọn ará Louisiana. Ògún tí àwọn ará ìlú Oǹdó ń ṣe ọdún rẹ̀ wà lára àwọn tí a ń bọ ní Haiti títí di òní.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ zombie. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé láti inú àwọn èdè ilẹ̀ Kóńgò ni ó ti wá. Ní Haiti, òkú tí a gba ọkàn rẹ̀, tí a sì ń mú ṣiṣẹ́ láìsinmi fún ọ̀gá rẹ̀, ni zombie. Ìrántí oko ẹrú wà nínú rẹ̀: ẹ̀rù tí ó ga jùlọ fún ẹrú ni pé ikú pàápàá kò ní tú u sílẹ̀. Kì í ṣe àkúdàáyà ti Yorùbá rárá, nítorí pé àkúdàáyà a máa lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, a máa ṣòwò, a sì máa bímọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń darí rẹ̀. Sinimá ni ó yí zombie padà. Nínú fíìmù George Romero, Night of the Living Dead, ti 1968, òkú tí ń jẹ ẹran ara ènìyàn ni a rí. Nígbà tí Fela sì gbé àwo orin Zombie jáde ní 1976, ó lo ọ̀rọ̀ náà fún sójà tí kò ní èrò tirẹ̀ ju àṣẹ ọ̀gá lọ. Ìlò yìí sún mọ́ ti Haiti ju ti sinimá lọ.

Fíìmù 1998 mú nínú ìmọ̀ yìí, pàápàá àwọn ère kékeré tí Simone fi de ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn àlejò rẹ̀, tí Velma sì fi irú wọn gbẹ̀san. Ó sọ ìtàn àwọn ajalèlókun àti ti àwọn tí ó tẹ erékùṣù náà dó. Kò dúró sọ ìtàn àwọn Adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú, tí wọ́n gbé vodun dé Louisiana. Ó fún òkú ní ohùn, èyí tí ọ̀wọ́ eré náà kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òkú tí ìmọ̀ náà jẹ́ tiwọn kò rí ẹni fún wọn ní àyè láti sọ̀rọ̀. Àbùkù yìí kò pa iyì fíìmù náà rẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi hàn bí eré ọmọdé ṣe lè mú ohun èlò ẹ̀sìn kan kí ó sì gbàgbé ẹni tí ó ni ín.

Ní oṣù Kẹjọ 2013, nígbà tí ó di àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà kú, àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ yìí àti láti òkèèrè pé jọ sí Àkúrẹ́ láti jíròrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. Irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé iwin inú Igbó Irúnmalẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán. Olùkọ́ tí ó bá gbé ìwé Fágúnwà, ìwé Òkédìjí àti fíìmù yìí kalẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní ìbéèrè mẹ́ta láti bi wọ́n. Èkíní ni ti Òkédìjí: ta ni yóò jèrè nínú ẹ̀rù yìí? Èkejì ni ti Fágúnwà: kí ni ẹ̀dá tí ó ń dẹ́rù bani yìí fẹ́ sọ? Ẹ̀kẹta ni ti ìtàn: òkú ta ni a gbà láàyè láti sọ̀rọ̀, ti ta ni a sì pa lẹ́nu mọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn èkíní àti èkejì ti ṣe dáadáa. Èyí tí ó bá dáhùn ẹ̀kẹta ni ó mọ ìtàn kà.