Àjọlò fáìlì

àjọlò fáìlì (ọ̀rọ̀-orúkọ). Ìṣẹ̀dá: à- + jọ + lò. Ọ̀rọ̀-ìṣe: *jọ lo*.

Ìlànà tí ẹ̀rọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ń lo fáìlì kan náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, láìjẹ́ pé fáìlì ọ̀hún kúrò níbi tí a tọ́jú rẹ̀ sí.

*Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ àti kọ̀ǹpútà Bàbá jọ ń lo fídíò tó wà nínú àká.*

Ìlò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ògbufọ̀ máa ń bá pàdé níbí ni "share", *pín* ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá pín ti di ìpín. Nígbà tí a bá pín ogún, ìbáà ṣe ní ìdí-igi, ìbáà ṣe ní orí-òjorí, olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ, ohun tí ó bá sì fi í ṣe kò kan ẹlòmíràn mọ́. Fáìlì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí bẹ́ẹ̀. Odó agboolé ni ó jọ: gbogbo ilé ni ó ń gún iyán nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gé apá tirẹ̀ lọ sí yàrá. Bí ẹnì kan bá là á, gbogbo agboolé ni kò ní odó mọ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Kí a ro ti ilé kan ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a kó fídíò Ọdún Ọlọ́jọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, àti ohùn ìyá àgbà tí ó ti di olóògbé, sínú àká kan ṣoṣo. Bí ìtọ́ni ojú tẹlifíṣọ̀n bá kà pé *A ti pín fáìlì yìí fún yín*, ọmọ ilé tí ó ń wá àyè fún fíìmù tuntun lè gbà pé ẹ̀dà tirẹ̀ ni, kí ó sì pa á rẹ́. Fáìlì tí a pa rẹ́ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà lọ dúró sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà kí a tó lè ṣà á padà. Ó lọ pátápátá, àfi bí a bá ti ṣètò àká náà láti máa dá irú rẹ̀ dúró. Ohùn ìyá àgbà lọ nìyẹn. *Ẹ̀yin àti àwọn ẹlòmíràn lẹ jọ ń lo fáìlì yìí* gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀.

*Pín* tọ̀nà níbi tí ẹ̀dà bá ti lọ sọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan: *Ó pín fọ́tò ìsọmọlórúkọ náà fún gbogbo ẹbí lórí WhatsApp.* Ìbéèrè kan tó láti fi dán an wò: bí ẹnì kan bá pa tirẹ̀ rẹ́, ṣé ti àwọn yòókù ṣì wà? Bí ó bá wà, *pín* ni. Bí kò bá sí, *jọ lo* ni.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to *bá*, *lò* àti *pọ̀* jọ láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí yóò já sí *ìbálòpọ̀*, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ takọtabo. Ó ti bọ́ sórí ohun mìíràn.

Àká. Ibi tí a ń kó irè oko pamọ́ sí ni àká, ó sì bá ẹ̀rọ ìpamọ́ fáìlì inú ilé mu ju *ilé ìṣúra* lọ, nítorí pé ohun tí a ó tún bù lò ni a ń kó sínú àká. Irú èrò yìí ni ó bí orúkọ eGranary, àká ìwé orí kọ̀ǹpútà tí WiderNet bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò já gaara dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà kò ṣàjèjì ní Ilé-Ifẹ̀: ní àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìmọ̀ físíìsì ICTP ní Trieste, ní Ítálì. Bí ráútà bá ṣe ń tàn, àká àti tẹlifíṣọ̀n ń rí ara wọn, bí kò tilẹ̀ sí dátà rárá. Nítorí náà, *ó ń jẹ dátà* kò tọ́ sí àjọlò fáìlì inú ilé.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìtò. *Àdírẹ́sì* ni iye tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.20. Ó yẹ kí ti àká dúró lójú kan, torí pé nígbà tí iná bá lọ tí ó sì padà dé, ráútà lè fún un ní òmíràn, kí tẹlifíṣọ̀n máa wá a kiri. *Ṣí fódà sílẹ̀* ni kí a yan fódà tí a ó jọ lò. Kì í ṣe gbogbo àká ni a ń ṣí. *Àyè* ni ohun tí a gba oníṣe láàyè láti ṣe. Fún tẹlifíṣọ̀n, *àyè wíwò nìkan* ni kí a fún un. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ lè pa ohunkóhun rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí ní *kíkà*, ṣùgbọ́n a kì í ka fídíò ní Yorùbá. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣí Kodi tàbí VLC lórí àpótí tó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí a ó yan SMB, tí a ó sì tẹ àdírẹ́sì, orúkọ oníṣe àti *ọ̀rọ̀ aṣínà*.

SMB ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Barry Feigenbaum ni ó pilẹ̀ rẹ̀ ní IBM ní ọdún 1983. Bí àpótí àtijọ́ bá kọ̀ láti rí àká tuntun, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀yà kìíní SMB nìkan ni ó gbọ́, èyí tí Windows 10 pàápàá kò fi sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́ láti ìparí ọdún 2017 nítorí àìláàbò rẹ̀. Samba, tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní ọdún 1992, ni ọ̀pọ̀ àká ń lò. Kì í ṣe ìlù sámbà o. Inú lẹ́tà SMB ni orúkọ náà ti jáde.

Àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì. Kò sí àmì Unicode ẹyọ kan fún *ọ̀*. A lè tẹ *ọ* kí a fi àmì ìsàlẹ̀ lé e, a sì lè tẹ *ò* kí a fi àmì abẹ́ sí i. Ojú kò mọ ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ àká tí ó ń lo Linux kà wọ́n sí orúkọ méjì, ó sì lè ní fódà *Ọ̀ṣun* méjì tí ọ̀kan nínú wọn ṣófo. Irú kíbọọ̀dù kan náà ni kí gbogbo ilé máa fi tẹ orúkọ.

Tún wo: *àjọni*, *àká*, *àyè*, *ẹ̀dà*, *pín*.