Nígbà Tí Ogun Bá Tán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ń gbọ́, ta ni a ó máa sọ àrọ́bá fún?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá arúgbó kan wà ní àdúgbò wa tí a ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà. Kò sí ìgbà tí ó jókòó tí kì í sọ̀rọ̀ igbó Burma, níbi tí ó ti ja ogun Hitila. Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà a dákẹ́ títí yóò fi parí, wọn a sì padà sí ọ̀rọ̀ kòkó. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn ni bàbá náà ń ṣàfẹ́rí; ẹni tí yóò fetí sí i ni.

Irú ìyà yìí wà nínú ìwé ìtàn àròsọ pẹ̀lú. Akọni pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ogun bá ti parí, ìtàn náà a parí. Díẹ̀ ni òǹkọ̀wé tí ó máa ń bá jagunjagun dé ilé.

Ẹ jẹ́ kí á wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní 1944, ìbọn àwọn ará Jàpáànù bà á ní Burma. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, sá pamọ́ fún bí oṣù 9. Àwọn ará abúlé ni ó ń bọ́ wọn. Ó di 1999 kí ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ tó di ìwé.

Biyi Bandele ní tirẹ̀, bàbá rẹ̀ jagun ní Burma, ó sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún un nílé. Láti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni ìwé àròsọ *Burma Boy* ti hù, tí ó jáde ní 2007. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà lójú ogun ni ìwé náà tẹ̀ lé; bàbá tí ó jókòó nílé, tí ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn bàbá yẹn ni ó kù tí a kò tíì kọ.

Bàbá Ṣọ́jà ti kú tipẹ́. Ó dárúkọ odò kan tí wọ́n là kọjá lóru fún wa, bóyá nígbà ọgọ́rùn-ún. N kò rántí orúkọ odò náà mọ́.