Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Òkè? Láti Bruma dé Alexandra Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Bruma, ní ìhà ìlà-oòrùn Johannesburg, kò ní rìn jìnnà kó tó kan òkè. Langermann Kop wà lókè àdúgbò náà, òkúta àti koríko gbígbẹ, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tóóró tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ nípọn nìkan ló lè gbà á. Òkè Linksfield wà ní òdìkejì. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn máa ń rò pé a mọ òkè. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò ga tó mítà 300 sí ojú òkun, bẹ́ẹ̀ àárín ìlú Johannesburg ga tó nǹkan bíi mítà 1,750. Èémí á ti máa gé kí ẹsẹ̀ tó rẹni. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fọ́nnu ní ìsàlẹ̀, tó di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ti ọmọlanke.

A kì í dá gun ibẹ̀, nítorí àwọn olè máa ń lúgọ sórí àwọn òkè wọ̀nyí. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún là ń jọ lọ, ẹni tó yára á sì dúró de ẹni tó lọ́ra. Níbi tí mo ti ń dúró bẹ́ẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tó wà lára pátákó àti òkúta.

Orúkọ náà pọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn kan náà ni gbogbo wọn sì ti wá. Max Langermann tí òkè náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló dá àdúgbò Kensington, tó múlé ti Bruma, sílẹ̀. Òpópónà Roberts àti òpópónà Kitchener wà ní Kensington yìí. Roberts àti Kitchener ni ọ̀gá àgbà tó darí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun tí wọ́n bá àwọn Boer jà láti 1899 sí 1902. Lábẹ́ wọn ni wọ́n ti dáná sun oko àwọn Boer, tí wọ́n kó obìnrin àti ọmọdé sínú àgọ́. Ó lé ní 26,000 Boer tó kú níbẹ̀, ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Àgọ́ àwọn èèyàn dúdú wà lọ́tọ̀. Àwọn tí àkọsílẹ̀ ikú wọn wà níbẹ̀ ju 14,000 lọ, ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé nípa èèyàn dúdú nígbà náà á mọ̀ pé iye náà kò lè pé. Lórí òkè mìíràn ní Kensington kan náà, àgbélébùú olókùúta kan dúró fún ìrántí àwọn ọmọ ogun Scottish Horse tó kú sógun yẹn. Láàárín ìrìn kẹ̀kẹ́ tí kò tó wákàtí kan, èèyàn á ti ka ìtàn ogun náà tán láti ẹnu ẹni tó ṣẹ́gun.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá lórí òkè yìí? Wúrà ni. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni ìjọba Kruger kéde pé oko mẹ́sàn-án ti di ibi ìwakùsà fún gbogbo ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ láti ogúnjọ́ oṣù náà. Apá kan oko Doornfontein, tó jẹ́ ti ìdílé Bezuidenhout, wà lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, àwọn Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà tó dá ìjà Kírìjì dúró. Láti 1877 ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí òkè tó wà láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ààrẹ Látòósà ti kú sójú ogun níbẹ̀ ní 1885, Ògèdèǹgbé ṣì ń darí àwọn Èkìtì Parapọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe alárinà. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, bí wọ́n ṣe ń pín òkè kan fún àwọn awakùsà níhìn-ín, àwọn bàbá wa ń sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tiwọn lọ́hùn-ún. Ọmọ Yorùbá kankan kì í béèrè ẹni tó ni òkè Kírìjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n bá ní Johannesburg. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kó lọ sí Klipriviersberg ní gúúsù ìlú. Bí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè ibẹ̀, mo máa ń sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ni, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn, nítorí ògiri àtijọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi táyà gùn. Ògiri olókùúta tí kò ní amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì ló wà níbẹ̀, wọ́n to òkúta léra lóbìrípo. Àárín ni agbo màlúù máa ń wà, ilé á yí i ká. Àwọn Tswana ló kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Langermann. Ní Melville Koppies, lápá ìwọ̀-oòrùn ìlú, àwọn awalẹ̀pìtàn hú iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin jáde. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti wà lórí òkè wọ̀nyí kí awakùsà tó dé. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ilé yìí gan-an? Kò sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lára òkúta náà.

Kẹ̀kẹ́ pàápàá ní ìtàn lórí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ogun fẹ́ bẹ́ ní 1899, Danie Theron, agbẹjọ́rò kan ní Krugersdorp, dá ẹgbẹ́ amí àti ìránṣẹ́ ológun tó ń gun kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún àwọn Boer. Àwọn ọ̀gá rò pé eré ọmọdé ni, títí wọ́n fi mú kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin sáré ìje, tí kẹ̀kẹ́ sì borí. Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ koríko, kì í mu omi. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tí mo fẹ́ kí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ ni Sol Plaatje. Ọmọ Tswana ni, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́, oníwèé ìròyìn, òun sì ni akọ̀wé àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ tó di ANC lónìí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bloemfontein ní 1912. Ní oṣù kẹfà 1913 ni òfin ilẹ̀ jáde, ó sì fi ilẹ̀ tí èèyàn dúdú lè ní mọ sí bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Plaatje kò jókòó sí ọ́fíìsì láti máa ṣàròyé. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó sì ń wà á láti oko dé oko nínú òtútù, ó ń bá àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà pẹ̀lú màlúù, ewúrẹ́ àti ọmọ wọn. Ó rí ìdílé kan tí ọmọ wọn kú lójú ọ̀nà, tí wọn kò sì ní ilẹ̀ tí wọ́n lè sin ín sí. Lóru ni wọ́n sin ín ní bòókẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú Native Life in South Africa, tó jáde ní 1916. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló túmọ̀ Shakespeare sí Setswana. Èyí wu àwa tí à ń kọ èdè abínibí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin nìkan ni Plaatje wọ̀, bóyá ni ì bá rí wọn. Etí ọ̀nà eléruku ni wọ́n wà, ẹni tó ń yára bí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ló sì lè dúró kó kí wọn.

Odò Jukskei gba Bruma kọjá. Adágún tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1980 sí 1989 rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ omi rẹ̀ dà nù, tí odò sì padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé odò náà lọ sí ìhà àríwá yóò dé Alexandra. Ọdún 1912 ni wọ́n dá ìlú yẹn sílẹ̀, ọdún kan ṣáájú òfin ilẹ̀, nítorí náà ni èèyàn dúdú fi lè ra ilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Nǹkan díẹ̀ ló ṣẹ́kù fún wọn, ibẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lo ọ̀pọ̀ ọdún láti gbà á padà.

Níbẹ̀ náà, ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2008, ni ìkọlù sí àwọn àjèjì ti bẹ̀rẹ̀, kó tó tàn káàkiri. Èèyàn 62 ló kú. Àwọn agbéborùn bíi tèmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “ẹ padà sílé yín” kò tíì parí láti ìgbà náà. Ó máa ń dé bá wa ní ọjà, nínú bọ́ọ̀sì, nígbà mìíràn lórí kẹ̀kẹ́. Mo máa ń bínú, ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1913 ló ń sọ ọ́, orúkọ Kitchener sì ṣì wà lára òpópónà. Ìbínú rẹ̀ ní ìdí, ọ̀nà ló ṣì. Nínú àwọn 62 yẹn, 21 jẹ́ ọmọ South Africa gan-an. Àwọn kan fẹ́ àjèjì ní ìyàwó tàbí ọkọ, àwọn mìíràn ń sọ èdè tí àwọn apààyàn náà kò kà sí ti ibẹ̀.